Ìlà Tó Ń Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Máàpù Ojú Ọjọ́, àti Ohun tí Ìjì Galveston Ọdún 1900 Kọ́ Wa

 

Ilé wa wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí ìyá mi, ṣùgbọ́n Houston ni wọ́n bí èmi sí. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí ìjì Beryl ń bọ̀, gbogbo wa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ dúró síwájú máàpù kan tí ìlà kún inú rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá mú gègé tó ń ya nǹkan sára ògiri. Lẹ́tà L pupa kan wà láàárín òkun. Ìyá mi wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, kí ni L yẹn? Kí ló dé tí àwọn ìlà yẹn fi ń yí i ká?" Mo dákẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí ẹ̀, Mọ́mì."

Ìjì náà dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà. Iná lọ. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wà nínú òkùnkùn, ìyá mi sì ń rẹ́rìn-ín pé a ti padà sí Ìbàdàn láì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àmọ́ ìbéèrè wọn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀, mo rí i pé àwọn ìlà yẹn ní ìtàn, àti pé ìgbà kan wà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú ní ìlú kan tí kò jìnnà sí ilé wa, nígbà tí àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn mìíràn rí. Àròkọ yìí ni ìdáhùn mi.

Ta ló kọ́kọ́ ya ojú ọjọ́ sórí ìwé?

Máàpù ojú ọjọ́ kì í ṣe nǹkan àtijọ́ púpọ̀. Kí èèyàn tó lè yà á, ó nílò ohun mẹ́ta. Èkíní ni irinṣẹ́ tó lè wọn afẹ́fẹ́. Èkejì ni àwọn èèyàn tó máa wo irinṣẹ́ náà ní ibi púpọ̀ lásìkò kan náà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí ìròyìn wọn máa fi dé ibì kan kíákíá.

Irinṣẹ́ náà ni baròmítà. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Evangelista Torricelli, ló ronú kàn án ní ọdún 1643. Ó rọ mẹ́kúrì sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú abọ́ tí mẹ́kúrì wà, mẹ́kúrì inú ọ̀pá náà sì dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76. Kí ló gbé e dúró? Afẹ́fẹ́ tó ń tẹ mẹ́kúrì inú abọ́ mọ́lẹ̀ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, àti pé ìwúwo yìí máa ń pọ̀ sí i, ó sì máa ń dín kù bí ojú ọjọ́ bá ṣe ń yí padà. Nínú àròkọ yìí, tí mo bá sọ pé "ìwúwo afẹ́fẹ́", ohun tí baròmítà ń wọ̀n ni mò ń sọ.

Àwọn tó máa wo irinṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Mannheim, ní Jámánì, ní ọdún 1780. Ẹgbẹ́ yìí pín irinṣẹ́ kan náà fún àwọn èèyàn ní oríṣiríṣi ìlú, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn máa wò ó ní àkókò kan náà lójúmọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Heinrich Wilhelm Brandes kó àkọsílẹ̀ ọdún 1783 jọ, ó sì fi ṣe àlàyé bí ìjì ṣe rìn kọjá Yúróòpù. Ọdún 1820 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Àmọ́ ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín! Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín lónìí pé kí ẹ mú agbòjò dání ní ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá yín.

Ohun kẹta ló kù, ìyẹn ọ̀nà kíákíá. Wáyà ló yanjú ìyẹn. Ní ọdún 1844, Samuel Morse tẹ wáyà láti Washington sí Baltimore. Láti ọdún 1849, Joseph Henry, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn tó ń tẹ wáyà pé kí wọ́n máa sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó di ọdún 1856, ó ti gbé máàpù ńlá kan kọ́ sára ògiri. Wọ́n máa ń fi àwọn páálí róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi kọ́ ọ: àwọ̀ kan fún òjò, òmíràn fún yìnyín, òmíràn fún ojú ọ̀run tó mọ́. Àwọn èèyàn máa ń wá síbẹ̀ láti wò ó bí ẹni wo ìran.

Ìjì ló kọ́ àwọn ìjọba lọ́gbọ́n

Ìjọba kì í tètè náwó sórí nǹkan báyìí àfi tí ojú bá rí màbo. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1854, nígbà ogun Crimea, ìjì kan jà lórí Òkun Dúdú, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìjọba Faransé ní kí Urbain Le Verrier wádìí ẹ̀. Ó kọ ìwé sí oríṣiríṣi ìlú, ó sì rí i pé ìjì náà ti kọ́kọ́ la ibi púpọ̀ ní Yúróòpù kọjá kó tó dé òkun. Ká ní ẹnì kan ti tẹ wáyà síwájú, wọn ì bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert FitzRoy ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Òun ni ọ̀gá ọkọ̀ Beagle tó gbé Charles Darwin rin ayé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1859, ọkọ̀ Royal Charter tó ń bọ̀ láti Australia rì létí òkun Wales nígbà tó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Nǹkan bí 450 èèyàn ló kú. FitzRoy ní irú èyí kò gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1861, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkìlọ̀ ìjì ránṣẹ́ sí àwọn èbúté, ìwé ìròyìn The Times sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tó rò pé ojú ọjọ́ máa jẹ́ lọ́la jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ṣẹ, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní ọdún 1865. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, àmọ́ nígbà tó di 1867, ìkìlọ̀ ìjì ti padà, torí pé àwọn awakọ̀ òkun mọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1875, The Times tẹ máàpù ojú ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Francis Galton ló yà á.

Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí òfin tó dá iṣẹ́ ojú ọjọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1870. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní agogo 7:35 òwúrọ̀, ibùdó 24 wo irinṣẹ́ wọn lásìkò kan náà, wọ́n sì tẹ wáyà sí Washington.

Bí a ṣe ń ka àwọn ìlà

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka máàpù. Àwọn ìlà tó ń yí ká yẹn ni wọ́n ń pè ní áísóbà. Tí ibùdó mẹ́ta bá sọ pé ìwúwo afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn jẹ́ 1008 mílíbà, ayàwòrán á fi ìlà kan so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Gbogbo ibi tí ìlà náà gbà kọjá ni ìwúwo afẹ́fẹ́ ti dọ́gba. Ìlà tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ 1004, èyí tó tún tẹ̀ lé e 1000, torí mílíbà mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi sáàárín wọn. Nǹkan bíi 1013 ni ìwúwo afẹ́fẹ́ etí òkun ní ọjọ́ tí kò sí wàhálà.

Ibi tí ìwúwo náà ti kéré jù ni wọ́n ń kọ L sí. Ibi tó ti pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ H sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kúbà tàbí Bùràsíìlì, B àti A lẹ máa rí. Níbi tí L wà, afẹ́fẹ́ ń gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, omi inú rẹ̀ á di ìkúukùu, òjò á sì tẹ̀ lé e. Níbi tí H wà, afẹ́fẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, ojú ọ̀run sì sábà máa ń mọ́.

Òfin kejì rọrùn: tí àwọn ìlà bá jìnnà síra, afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́. Tí wọ́n bá sún mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, ẹ wọlé kí ẹ ti fèrèsé. Ó dà bí òkè: bó bá dẹ̀rọ̀, omi á rọra ṣàn, bó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi á sáré.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í sáré tààrà láti H lọ sí L. Yíyí tí ayé ń yí máa ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ó máa ń yí L ká. Ní ìhà àríwá ayé, ó ń yí i ká ní òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà. Ní ìhà gúúsù, níbi tí apá tó pọ̀ jù nínú Bùràsíìlì wà, ó ń yí bíi ọwọ́ aago. Ní ọdún 1857, Buys Ballot, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, sọ ọ́ di òfin tí awakọ̀ òkun lè fi sọ́kàn: ní ìhà àríwá, kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, L wà ní ọwọ́ òsì rẹ. Ẹ fi òfin yìí pamọ́. A máa lò ó láìpẹ́.

Havana rí i, Washington ò gbà

Ìjì tó máa ń jà ní òkun Karibíánì kì í ṣe ìjì kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé nípa àwọn Lukumí mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé Ọya dání lọ, àti pé títí dòní, Oyá ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ẹ̀fúùfù níbẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Ní Havana kan náà yìí, àwọn àlùfáà Jésúìtì ní ibùdó ìwòye ojú ọjọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Belén. Benito Viñes ló jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ láti ọdún 1870 títí ó fi kú ní 1893. Kì í ṣe baròmítà nìkan ló ń wò. Ó ń wo ìkúukùu: bí àwọn tó wà lókè pátápátá, tó rí bí ìyẹ́ ẹyẹ, ṣe ń jáde láti ibi tí ìjì wà, bí àwọn ti ìsàlẹ̀ ṣe ń yí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1875, ó fi ìkìlọ̀ jáde pé ìjì ń bọ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ará erékùṣù náà ti ń gbọ́ràn sí Belén lẹ́nu.

Ní ọdún 1898, Amẹ́ríkà bá Sípéènì jà, ó sì gba Kúbà. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà náà ṣí ẹ̀ka tiwọn sí Havana. Willis Moore, ọ̀gá wọn ní Washington, kò ka àwọn ará Kúbà sí. Lójú tiwọn, ńṣe ni àwọn ará Belén ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1900, gẹ́lẹ́ nígbà tí ìjì pọ̀ jù, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìròyìn ojú ọjọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Kúbà gba orí wáyà ìjọba kọjá mọ́.

Ní àkókò yẹn gan-an, ìjì kan ń bọ̀ láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Ó rọ òjò púpọ̀ sórí Kúbà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó sì kọjá. Washington ní ó máa yà sí àríwá, gba Florida, kó sì máa lọ lẹ́bàá òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ìkìlọ̀ tí wọ́n fi jáde tẹ̀ lé ohun tí wọ́n rò yìí. Ní Belén, Lorenzo Gangoite, tó gba ipò Viñes, wo ìkúukùu àti ojú ọ̀run, ó ní rárá, ìjì náà ń lọ sínú òkun Mẹ́síkò, apá Texas ló forí lé. Ta ló gbọ́? Wáyà ti dí.

Ẹ ronú nípa máàpù tí wọ́n yà ní Washington ní àwọn ọjọ́ yẹn. Orí ilẹ̀ kún fún ìlà, torí ibùdó wà níbẹ̀. Àárín òkun Mẹ́síkò ṣófo. Ọkọ̀ ojú omi kò tíì ní rédíò nígbà yẹn. Ọkọ̀ tó bá rí ìjì kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi gúnlẹ̀, bó bá gúnlẹ̀. Ibi tó ṣófo lórí máàpù yẹn ni ìjì wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ń ka máàpù gbọ́dọ̀ kọ́ láti ka ibi tí kò sí ìlà. Àìsí ìlà kì í ṣe àìsí ìjì. Ó lè jẹ́ àìsí ẹlẹ́rìí.

Galveston, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án

Galveston jẹ́ ìlú orí erékùṣù. Ó tó wákàtí kan tí a fi ń wakọ̀ débẹ̀ láti ilé wa. Ní ọdún 1900, nǹkan bí 38,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, ibi tó ga jù ní ìlú náà kò sì tó mítà mẹ́ta sí òkun. Isaac Cline ni ọ̀gá ibùdó ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ní ọdún 1891, òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò sí bí ìjì ṣe lè ba ìlú náà jẹ́ pátápátá.

Ní ọjọ́ keje, wọ́n ta àsíá ìkìlọ̀ ìjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú omi tó ti wọ àwọn òpópónà kan, àwọn àgbà lọ wo ìgbì òkun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti àríwá. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ àríwá máa lé omi òkun padà, àmọ́ ńṣe ni omi ń gòkè. Ẹ̀rù ba Cline.

Ó yá, ẹ mú òfin Buys Ballot jáde. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti àríwá: ẹ kọ ẹ̀yìn sí àríwá, ojú yín á kọ sí gúúsù, sí òkun. Ọwọ́ òsì yín wà ní ìlà oòrùn. Torí pé afẹ́fẹ́ tún máa ń yí wọnú L díẹ̀, ìjì náà wà ní iwájú òsì yín, ní gúúsù-ìlà-oòrùn, lórí òkun. Kò lọ sí Florida. Ó ń bọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ ti yí sí ìlà oòrùn: ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ọwọ́ òsì yín á wà ní gúúsù. Lóru, ó yí sí gúúsù-ìlà-oòrùn: ọwọ́ òsì yín á wà ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ìjì náà ti gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá. Ẹ rí i báyìí pé ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní máàpù rárá lè ya ọ̀nà tí ìjì gbà.

Ní agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀, irinṣẹ́ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́ fò lọ lẹ́yìn tó ti ka 100 máìlì ní wákàtí kan. Baròmítà lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 964 mílíbà. Omi òkun gòkè ju mítà mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, lórí ìlú tí kò ga tó mítà mẹ́ta. Àwọn ilé bíi 3,600 wó. Ilé Cline náà wó, níbi tí nǹkan bí 50 èèyàn sá sí. Òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yè é, ṣùgbọ́n Cora, ìyàwó rẹ̀, kú. Iye àwọn tó kú ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ wà láàárín 6,000 sí 12,000. 8,000 ni àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ. Títí dòní, kò sí àjálù ojú ọjọ́ tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Òótọ́ ni pé kò dájú pé wáyà kan láti Havana ì bá gba gbogbo wọn là. Ara ìṣòro náà ni pé ìlú ọ̀hún ò ní odi òkun, àwọn èèyàn ò sì gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ìkìlọ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré ní ìlú tó ní ọkọ̀ ojú irin. Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Wọ́n tún ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n wà ní Havana; wọ́n ti wáyà mọ́ ọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ odi òkun tó ga ju mítà márùn-ún lọ, wọ́n sì fi iyanrìn gbé ìlú náà sókè. Nígbà tí ìjì ńlá mìíràn dé ní ọdún 1915, odi náà dúró.

Àwọn àmì yòókù

Àwọn ìlà aláwọ̀ tó ní eyín lára, tí ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí lórí máàpù ọdún 1900. Ìlú Bergen ní Norway ni wọ́n ti wá, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ogun ti dí ọ̀nà tí ìròyìn ojú ọjọ́ ń gbà dé Norway, oúnjẹ sì wọ́n, àwọn àgbẹ̀ àti apẹja nílò ìrànlọ́wọ́. Vilhelm Bjerknes, ọmọ rẹ̀ Jacob, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ṣí ọ̀pọ̀ ibùdó tuntun. Nígbà tí ẹlẹ́rìí pọ̀, wọ́n rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí dáadáa tẹ́lẹ̀: afẹ́fẹ́ tútù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í tètè dà pọ̀. Wọ́n máa ń ní ààlà, ibi ààlà náà ni ìkúukùu àti òjò ti ń ṣẹlẹ̀. Jacob Bjerknes tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1919. Nítorí pé ogun ló wà lọ́kàn gbogbo èèyàn, wọ́n fi orúkọ ojú ogun pe ààlà náà.

Ìlà búlúù tó ní eyín onígun mẹ́ta: afẹ́fẹ́ tútù ń lé afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Ibi tí ẹnu eyín náà kọjú sí ló ń lọ. Ìlà pupa tó ní ìlàjì róbótó: afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń tẹ̀ síwájú. Tí méjèèjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, afẹ́fẹ́ tútù ti lé ti gbígbóná bá, ó sì ti gbé e kúrò nílẹ̀. Tí búlúù àti pupa bá kẹ̀yìn síra, kò sí ẹni tó ń ṣẹ́gun, ààlà náà dúró sójú kan.

Lórí máàpù àwọn oníṣẹ́ ojú ọjọ́, ẹ tún máa rí róbótó kékeré fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Tí inú rẹ̀ bá funfun, kò sí ìkúukùu. Tó bá dúdú tán, ìkúukùu bo gbogbo ojú ọ̀run. Ọ̀pá kan á yọ lára rẹ̀ bí ọfà tó ní ìyẹ́. Ibi tí ìyẹ́ wà ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ìyẹ́ kúkúrú jẹ́ nọ́ọ̀tì 5, ìyẹ́ gígùn jẹ́ 10, àsíá onígun mẹ́ta jẹ́ 50. Ìyẹ́ gígùn méjì àti kúkúrú kan, nọ́ọ̀tì 25 nìyẹn. Ní òkè apá òsì, bí ooru ṣe tó. Ní òkè apá ọ̀tún, ìwúwo afẹ́fẹ́, àmọ́ wọ́n gé e kúrú. Tí ẹ bá rí 138, ẹ kà á sí 1013.8, tí ẹ bá rí 987, ẹ kà á sí 998.7. Àmì tó-tò-tó dúdú jẹ́ òjò, ìràwọ̀ jẹ́ yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́, ìlà mẹ́ta tó tò léra jẹ́ kùrukùru, lẹ́tà S sì jẹ́ eruku tó gba ojú ọ̀run, irú èyí tí ọyẹ́ ń gbé wá.

Ilẹ̀ wa ńkọ́?

Ìyá mi bi mí pé ṣé a lè rí ìlà búlúù àti pupa lórí Ìbàdàn. Kò wọ́pọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe òtútù àti ooru ló ń jà, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti Sàhárà àti afẹ́fẹ́ olómi láti òkun. Ààlà tó wà láàárín wọn ni àwọn oníṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà ń yà sórí máàpù. Ní oṣù kìíní, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ etí òkun, ọyẹ́ á dé. Ní oṣù kẹjọ, ó ti gòkè kọjá Kánò lọ sí etí aṣálẹ̀. Ní ọdún 1945, Hamilton àti Archbold tẹ ìwádìí jáde lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà. Wọ́n ṣàlàyé pé òjò kì í rọ̀ ní orí ààlà náà gan-an, ìhà gúúsù rẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Wọ́n tún ṣàlàyé àwọn ìjì tó ń tò bí ìlà, tó ń rìn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Ìbàdàn mọ̀ ọ́n: ọ̀run á ṣú ní apá ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ á dákẹ́, lójijì ẹ̀fúùfù tútù á gbá eruku, àwọn ìyá á pariwo pé kí ẹ kó aṣọ lórí okùn.

Ohun mìíràn tún ń rìn gba orí ilẹ̀ yẹn, tó tóbi ju ìjì ìrọ̀lẹ́ lọ. Ìgbì ńlá ni nínú afẹ́fẹ́, tó ń kọjá ní bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún síra wọn ní ìgbà òjò, tó sì ń bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Púpọ̀ nínú wọn kì í di nǹkan kan. Àmọ́ nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìjì tó le jù tó ń jà ní Karibíánì àti Amẹ́ríkà ló ti inú irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wá. Beryl tó mú iná lọ ní ilé wa wà lára wọn. Síbẹ̀, àwọn ibùdó tó ń rán bálúùnù lọ sókè láti wọn afẹ́fẹ́ kò pọ̀ tó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Sátẹ́láìtì ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkè, kò dà bíi ti ọdún 1900 mọ́, àmọ́ àwọn tó dúró lórí ilẹ̀, tí wọ́n ń wo irinṣẹ́ ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ṣì ṣe pàtàkì.

Nígbà tí mo parí ìwádìí yìí, mo pe ìyá mi, mo ya L kan sórí ìwé, mo fi ìlà yí i ká. Mo ní, "Mọ́mì, ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ jù nìyí. Ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn tí wọ́n rí nǹkan kan náà ni wọ́n so pọ̀." Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Nítorí náà, tí ẹnì kan ò bá sọ ohun tó rí, ìlà ò ní pé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Tàbí tó bá sọ ọ́, tí wọn ò gbọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀.